Abẹ Wo Lẹ Lè Tọ́jú? Ìfiwéra fún Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Fẹ́ Máa Fi Abẹ Gidi Fárùngbọ̀n

Àbúrò mi kan tó ń gbé l'Ékòó fi vóìsì nóòtì ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní "Bùọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, irú abẹ tẹ́ ẹ fi ń fárùngbọ̀n yẹn lèmi náà fẹ́ rà, ẹ bá mi wo méjì yìí, èwo ni kí n mú?" Ó fi fọ́tò méjì tẹ̀ lé e. Ọ̀kan ń dán bíi dígí, èkù ìkejì jẹ́ ìwo ẹfọ̀n, ó rẹwà lóòótọ́. Mo pè é padà, ohun tí mo kọ́kọ́ bi í ni pé, "Níbo lo máa gbé e sí tó o bá fá tán?" Ó ní inú balùwẹ̀ ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọṣẹ. Mo ní ó dáa, jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀ yẹn, torí balùwẹ̀ l'Ékòó nígbà òjò, ibẹ̀ gan-an ni abẹ ti ń kú.

Ohun tí mo sọ fún un ni mo fẹ́ kọ síbí kí ẹlòmíì náà rí i kà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló jẹ́ pé abẹ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ yàn, ìgbà tó bá dọ́wọ́ wọn tán ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀. Èmi ò fara mọ́ ọn. Ẹ kọ́kọ́ wo irú ìtọ́jú tẹ́ ẹ lè ṣe, nínú ilé tẹ́ ẹ̀ ń gbé, pẹ̀lú àsìkò tẹ́ ẹ ní láàárọ̀ kẹ́ ẹ tó jáde, kẹ́ ẹ wá ra abẹ tó bá ìyẹn mu.

Kó má lọ di pé ọ̀tọ̀ lohun tí mò ń sọ, ọ̀tọ̀ lohun tẹ́ ẹ̀ ń rò, abẹ tí mò ń sọ ni èyí tí òyìnbó ń pè ní straight razor, irin gbọọrọ kan tó ń ká wọ inú èkù ẹ̀. Ó ní ẹnu, ibi tó mú nìyẹn. Ó ní ẹ̀yìn, ibi tó nípọn lókè. Ó tún ní ìrù kékeré tí ìka ọwọ́ wa tó kéré jù máa ń sinmi lé. Ẹ fọkàn sí ẹ̀yìn yẹn dáadáa o. Tẹ́ ẹ bá tẹ́ abẹ yìí sílẹ̀ lórí òkúta tí wọ́n fi ń pọ́n ọn tàbí lórí awọ ìfabẹ, ìyẹn awọ tí wọ́n ń fa abẹ lé lórí kí wọ́n tó fá, ẹ̀yìn àti ẹnu ẹ̀ ló jọ máa kan nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹ̀yìn yẹn ṣe nípọn tó ló ń sọ bí ẹnu ẹ̀ ṣe máa dagun, kò dà bí ọ̀bẹ ìdáná tó jẹ́ pé ọwọ́ yín lẹ ó fi máa wọ̀n ọ́n. Orí ẹ̀ ni gbogbo ìtọ́jú abẹ dúró lé. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá gbé ẹ̀yìn ẹ̀ sókè lórí awọ, ọjọ́ yẹn lẹ pa ẹnu ẹ̀.

Abẹ gidi àti abẹ onípààrọ̀

Ká mú èyí tí ìtọ́jú ẹ̀ kéré jù síwájú. Abẹ onípààrọ̀, tí àwọn tó ń tà á ń pè ní shavette, jọ abẹ gidi, ó ń ká bákan náà, ṣùgbọ́n ẹnu ẹ̀ kì í ṣe tiẹ̀. Bíléèdì ẹlẹ́nu méjì, irú Nacet tàbí Tiger tí gbogbo wa mọ̀, lẹ máa mú, ẹ ṣẹ́ ẹ sí méjì nígbà tó ṣì wà nínú bébà ẹ̀, ẹ ki ìdajì kan bọ inú abẹ yẹn, tó bá ti fá bí ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹrin ẹ yọ ọ́ dànù. Ò sí pé à ń fà á lórí awọ, ò sí pé à ń wá òkúta, ò sí ọ̀rọ̀ òróró. Kẹ́ ẹ ṣáà yọ bíléèdì ẹ̀, kẹ́ ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ kan fọ ibi tí ọṣẹ máa ń há sí, kẹ́ ẹ fi spírítì nù ún, ó parí. Feather, ilé iṣẹ́ Japan kan, ń ṣe èyí tó dáa gan-an tó ní bíléèdì tiẹ̀ lọ́tọ̀, ó nípọn ju Nacet lọ, ó sì ń tẹ́ lára, àmọ́ bíléèdì ẹ̀ kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ máa rí ní ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ àdúgbò.

Abẹ gidi ní tiẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ fà á lórí awọ kẹ́ ẹ tó fá, gbogbo ìgbà ni o, ẹ gbọ́dọ̀ nù ún gbẹ lẹ́yìn ẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ fi òróró pa á tó bá máa pẹ́ nílẹ̀, tó bá sì pẹ́ díẹ̀ ó gbọ́dọ̀ kan òkúta. Ẹ fi bí ìṣẹ́jú márùn-ún kún àsìkò yín. Ohun tẹ́ ẹ máa rí gbà níbẹ̀ ni pé ẹ ò ní ra òmíràn mọ́ láyé yín, àwọn abẹ tí wọ́n ṣe ní Sheffield ní England àti Solingen ní Jámánì tó ti lé ní 100 ọdún ṣì ń fárùngbọ̀n lónìí.

Àwọn kan máa ń sọ pé kí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ kọ́kọ́ fi onípààrọ̀ kọ́ ọ, kó tó bọ́ sórí abẹ gidi. Èmi ò gbà. Onípààrọ̀ fúyẹ́, ẹnu bíléèdì ẹ̀ tín-ín-rín, ó sì le, ìyẹn ni pé àṣìṣe kékeré báyìí ó ti gé yín. Abẹ gidi wúwo lọ́wọ́, ìwúwo yẹn ló ń bá yín ṣiṣẹ́, ara máa ń gbà á ju onípààrọ̀ lọ. Tó bá jẹ́ pé abẹ gidi lẹ fẹ́ lò, òun náà ni kẹ́ ẹ fi kọ́ ọ. Tó bá jẹ́ pé ẹ mọ̀ lọ́kàn ara yín pé ẹ ò ní ráyè fa nǹkan kan lórí awọ láàárọ̀ Mọ́ńdè tẹ́ ẹ bá ti pẹ́ jù lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ ra onípààrọ̀, kò sí ìtìjú níbẹ̀, ó sàn ju kẹ́ ẹ ra abẹ olówó iyebíye kó lọ kú sínú dúrọ́ọ̀.

Ọ̀rọ̀ bọ́ǹpù ńkọ́? Irun tiwa máa ń ká, tí wọ́n bá gé e kọjá inú awọ ara, bó ṣe ń hù padà ló ń yí orí padà wọnú ara, ibẹ̀ á wú, á máa yún èèyàn, á tún dúdú sí i. Àwọn réésà oníbíléèdì mẹ́ta sí márùn-ún tí wọ́n ń polówó lórí tẹlifíṣọ̀n, bíléèdì àkọ́kọ́ á fa irun sókè, ìkejì á gé e nísàlẹ̀, ìyẹn gan-an ló ń dá wàhálà sílẹ̀ fún irú irun wa. Abẹ gidi àti onípààrọ̀, ẹnu kan ṣoṣo ni wọ́n ní, wọ́n sì sàn fún wa, tẹ́ ẹ bá fá a síbi tí irun kọjú sí, tẹ́ ò fa awọ ara le jù, tẹ́ ò sì padà síbì kan náà lẹ́ẹ̀mẹta. Àmọ́ abẹ tí ò mú dáadáa máa ń jẹ́ kéèyàn tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara, kéèyàn máa padà síbi tó ti fá, bọ́ǹpù á tún dé. Ẹ rí i pé ìtọ́jú abẹ, ìtọ́jú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni.

Ẹni tó bá jẹ́ bábà, tó ń fá ẹlòmíì, onípààrọ̀ ni o, bíléèdì tuntun fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan. Àrùn HIV àti àrùn ẹ̀dọ̀ hepatitis B ń gba inú ẹ̀jẹ̀ kọjá, abẹ gidi ò sì rọrùn láti fọ̀ mọ́ débi tó tọ́ láàárín oníbàárà méjì. Àwọn ìpínlẹ̀ kan wà l'Amẹ́ríkà tó fi òfin dè é pé bábà ò gbọdọ̀ lo èyí tí wọn ò lè pààrọ̀ ẹnu ẹ̀. Abẹ gidi, ti ẹnì kan ṣoṣo ni, ẹ má yá ẹ̀gbọ́n, ẹ má yá àbúrò, ẹ má yá ọ̀rẹ́.

Irin kábọ̀n àti sítéńlẹ́ẹ̀sì, àti ọ̀rọ̀ omi

Ibí yìí ló yẹ ká ti jókòó dáadáa, torí ibẹ̀ lojú ọjọ́ wa ti wọ ọ̀rọ̀.

Irin kábọ̀n ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ abẹ gidi láti ayébáyé. Ó rọrùn láti pọ́n, ẹnu ẹ̀ máa ń dáhùn sí òkúta kíákíá, ìyẹn sì dáa fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Àmọ́ ó ń dógùn-ún. Sítéńlẹ́ẹ̀sì ní tiẹ̀ ní chromium nínú, ó kéré tán 10.5 nínú 100, ìyẹn ló máa ń ṣe bí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sára irin tí omi ò fi tètè jẹ ẹ́. Mo ní ò tètè jẹ ẹ́ o, mi ò ní ò lè jẹ ẹ́. Tẹ́ ẹ bá fi ọṣẹ àti iyọ̀ òógùn sílẹ̀ lára ẹ̀ tó pẹ́, òun náà á ní tóótòòtó. Ó sì le láti pọ́n ju kábọ̀n lọ, òkúta tí kábọ̀n máa fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá parí, sítéńlẹ́ẹ̀sì lè jókòó tì í jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn abẹ Friodur àtijọ́ tí ilé iṣẹ́ Zwilling ṣe ní Solingen, sítéńlẹ́ẹ̀sì ni wọ́n, àwọn tó mọ abẹ sì máa ń wá wọn kiri.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ nípa ògùn-ún ara abẹ ni pé ìgbà tójú yín bá fi máa rí i, ẹnu abẹ ti bàjẹ́ tipẹ́. Ẹnu yẹn tín-ín-rín ju irun orí èèyàn lọ lọ́pọ̀ ìlọ́po, ìwọ̀nba ògùn-ún tójú ò lè rí ti tó láti jẹ ẹ́ tán. Kábọ̀n ni abẹ tí mo kọ́kọ́ rà. Mo rìnrìn àjò lọ sílé fún ìsìnkú kan nínú oṣù Keje, mo fá a láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń lọ, mo fi táwẹ́lì nù ún wéréwéré, mo ká a, mo fi í sínú àpò awọ ẹ̀ torí mo rò pé mò ń dáàbò bò ó ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí mo dé tí mo ṣí i, ẹnu ẹ̀ láti ìdí dé orí ti ní tóótòòtó aláwọ̀ ilẹ̀pa, omi tó kù sínú èkù ló ti ń mu látọjọ́ tí mo ti lọ. Ẹni tó bá mi pọ́n ọn ní láti lọ ẹnu yẹn dà nù kó tó bá irin tó mọ́, abẹ yẹn ò fẹ̀ tó bó ṣe wà mọ́ títí dòní. Ó dùn mí gan-an, torí ìṣẹ́jú kan péré ni mi ò ní.

Torí náà, bí mo ṣe ń ṣe báyìí rèé. Mo máa fi omi ṣan irin nìkan, mi ò kì í jẹ́ kí omi wọ inú èkù. Mo máa fi tíṣù nù ún láti ẹ̀yìn wá sí ẹnu, mi ò kì í fa tíṣù lọ lórí ẹnu ẹ̀ gbọọrọ. Mo máa fà á lórí aṣọ, apá ẹ̀yìn awọ ìfabẹ, bí ìgbà mẹ́wàá kó fi gbẹ pátápátá, mo máa wá ṣí i sílẹ̀ lórí tábìlì nínú yàrá fún bíi wákàtí kan kí n tó ká a. Tí mi ò bá ní lò ó fún ọjọ́ méjì, òróró.

Òróró wo? Ìbéèrè yìí ni wọ́n ń bi mí jù. Òróró máṣíìnì ìránṣọ ni mo mú sípò kìíní, kò ní àríyànjiyàn nínú, ó ṣàn, kì í lẹ̀, wọ́n ń tà á níbi gbogbo tí wọ́n ti ń ta òwú àti bọ́tìnnì, ìgò kékeré kan á lo ọdún méjì. Òróró ara ọmọdé tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì tẹ̀ lé e, irú òróró kan náà ni, wọ́n kàn fi ohun olóòórùn dídùn sí i ni. Fásílíìnì dáa tí abẹ bá máa wà nílẹ̀ fún oṣù mélòó kan, ó nípọn, kì í lọ. WD-40 máa ń lé omi kúrò lóòótọ́, àmọ́ kì í pẹ́ lára irin, ẹ má gbára lé e. Òróró ẹ̀pà àti epo pupa, rárá, ẹ jọ̀ọ́, òróró tí wọ́n fi ń se nǹkan máa ń gbẹ di bíi gọ́ọ̀mù tó bá pẹ́, á wá mú ìdọ̀tí. Adín àgbọn sàn jù wọ́n lọ, mo mọ ẹni tó ń lò ó, ṣùgbọ́n tí ọyẹ́ bá mú láàárọ̀ ó máa ń dì, tó bá sì pẹ́ òun náà á ní òórùn. Àwọn ará Japan ń lo òróró kan tí wọ́n ń fún láti ara èso kamẹ́líà, ẹni tó bá rí i rà kó rà á, iṣẹ́ tó ń ṣe ò kúkú ju ti òróró máṣíìnì lọ. Ẹ̀kán kan péré ló tó, ẹ fi tíṣù pa á yí gbogbo irin ká, kẹ́ ẹ dé ibi ìṣó tí abẹ ti ń yí. Ẹ nu òróró yẹn kúrò kẹ́ ẹ tó fà á lórí awọ lọ́jọ́ mìíràn o, awọ á mu ún.

Ibi tẹ́ ẹ máa gbé e sí: wọ́dúróòbù sàn ju balùwẹ̀ lọ, páálí tí atẹ́gùn ń wọ̀ sàn ju àpò awọ àti nílọ́ọ̀nù lọ. Àwọn àpò kéékèèké tó ní hóró wẹ́wẹ́ nínú tí wọ́n máa ń fi sínú páálí bàtà, ẹ má dà wọ́n nù mọ́, ẹ kó méjì mẹ́ta ti abẹ yín, wọ́n ń mu ọ̀rinrin. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù náà, ẹ má rò pé torí ibẹ̀ tutù ẹ ti bọ́, ooru omi gbígbóná nínú balùwẹ̀ tí wọn ò ṣí fèrèsé ẹ̀ látàárọ̀ kò yàtọ̀ sí òjò Ékòó.

Nítorí náà tó bá jẹ́ ìlú olómi lẹ̀ ń gbé, tẹ́ ẹ sì mọ ara yín pé ẹ máa ń gbàgbé nǹkan, sítéńlẹ́ẹ̀sì. Tẹ́ ẹ bá lè ṣe ìṣẹ́jú kan yẹn láìyẹ̀, kábọ̀n, mo sì máa sọ kábọ̀n ní ẹ̀ẹ̀mejì tí wọ́n bá tún bi mí.

Ọ̀rọ̀ èkù ò gùn. Èkù oníke ò ní wàhálà omi, òun ni kí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ mú. Igi máa ń wú, ìwo ẹfọ̀n máa ń gbẹ, ó sì lè ya lásìkò ọyẹ́ téèyàn ò bá fi òróró díẹ̀ pa á. Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ sá fún ni sẹ́lúlọ́ìdì, irú ike àtijọ́ kan, tó bá ti ń jẹrà, ó máa ń tú atẹ́gùn kan jáde tó ń jẹ irin abẹ náà níbi tó bá ti fara kàn án, tẹ́ ẹ bá rí abẹ àtijọ́ tó dógùn-ún síbi tó wà nínú èkù nìkan, ẹ fura.

Awọ: èyí tó ń rọ̀ àti èyí tó wà lórí pákó

Ẹni tó bá ní owó fún abẹ nìkan tí ò ní ti awọ, kò tíì ní owó abẹ. Fífà lórí awọ kì í jẹ irin kúrò tó ohun téèyàn ń kà sí, ohun tó ń ṣe ni pé ó ń to ẹnu abẹ padà, torí irun máa ń tẹ ẹnu yẹn síhìn-ín sọ́hùn-ún nígbà tẹ́ ẹ̀ ń fá a.

Awọ tó ń rọ̀ máa ń ní ìkọ́ lókè, ẹ máa so ó mọ́ ìlẹ̀kùn tàbí ìṣó ara ògiri, ẹ máa fi ọwọ́ kan fà á le. Ọ̀pọ̀ ní aṣọ lẹ́yìn, awọ níwájú. Ó dáa, ó gùn, àmọ́ tó bá dẹ̀ díẹ̀ báyìí, awọ á tẹ̀ yí ẹnu abẹ, ẹnu á wá di róbótó. Èyí tó wà lórí pákó, wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó tó tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ lè gbé e sórí tábìlì, kò lè dẹ̀. Ẹni tó ń gbé yàrá tí lańlọ́ọ̀dù ò gbà kí wọ́n kan ìṣó, ẹni tó ń rìnrìn àjò, ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ ò tíì balẹ̀, ti orí pákó ni kó rà. Ní ti fífẹ̀, ínṣì mẹ́ta sàn fún ẹni tuntun ju ínṣì méjì lọ, torí gbogbo ẹnu abẹ lè jókòó lé e lẹ́ẹ̀kan náà, ínṣì méjì á gba pé kẹ́ ẹ máa fà á dagun lọ.

Bẹ́líìtì ńkọ́? Bẹ́líìtì ṣòkòtò lèmi náà fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti kùn ún lójú, wọ́n tún ti rán etí ẹ̀ pẹ̀lú òwú tó ga ju awọ lọ, abẹ ń fò lórí òwú yẹn, kò ṣe mí láǹfààní kankan. Nígbà tó yá mo lọ bá oníṣẹ́ awọ kan l'Ọ́yọ̀ọ́, ẹ mọ̀ pé ìlú tó mọṣẹ́ awọ nìlú yẹn, mo ní kó bá mi gé awọ màlúù tí wọn ò pa láró, tó nípọn, tójú ẹ̀ dán, tí kò ní àpá, ínṣì mẹ́ta ní fífẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà kan àtààbọ̀ ní gígùn. Ó bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe, mo ṣàlàyé fún un, ó ní bàbá òun mọ onígbàjámọ̀ tó máa ń fa abẹ ẹ̀ lórí awọ báyẹn náà. Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó tó tẹ́, mo fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lójoojúmọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ kan kó fi rọ̀, òun ni mo ṣì ń lò títí di báyìí, owó tó ná mi ò sì tó nǹkan sí ti èyí tó ń ti òkè òkun wá. Tí kò bá sí rárá, ìwé ìròyìn tẹ́ ẹ ká sí bíi ìlọ́po mẹ́jọ lórí tábìlì máa ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, mo ti ṣe é rí.

Bí wọ́n ṣe ń fà á: ẹ tẹ́ abẹ sílẹ̀, ẹ̀yìn àti ẹnu kan awọ. Ẹ̀yìn ló ń ṣáájú, ẹnu ló ń tẹ̀ lé e, tẹ́ ẹ bá jẹ́ kí ẹnu ṣáájú ẹ máa gé awọ. Tẹ́ ẹ bá débi tó parí, ẹ yí abẹ lórí ẹ̀yìn ẹ̀ láì gbé ẹ̀yìn yẹn kúrò lórí awọ, ẹ wá fà á padà bọ̀. Ogún lórí aṣọ, 40 sí 50 lórí awọ. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ìwúwo abẹ ti tó. Ẹ rọra ṣe é, bí wọ́n ṣe ń sáré fà á nínú fíìmù yẹn ló ń jẹ́ káwọn tó ń kọ́ṣẹ́ yí abẹ kó tó dúró, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gé awọ. Ẹ máa gé awọ àkọ́kọ́ yín, fún ìdí yìí ẹ má ra olówó ńlá. Ibi tẹ́ ẹ bá gé, ẹ fi sáńpépà tó kúnná, bí 600, rà á kó tẹ́ padà.

Wọ́n tún ń ta pẹ́ẹ̀sì aláwọ̀ ewé kan, chromium oxide, tó kúnná tó 0.5 micron, èyí ń jẹ irin díẹ̀. Tí abẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fa irun, ìgbà mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí pẹ́ẹ̀sì yìí lè sún ọjọ́ òkúta síwájú. Awọ tiẹ̀ lọ́tọ̀ ni o, ẹ má fi kan èyí tẹ́ ẹ̀ ń lò lójoojúmọ́ láéláé.

Òkúta, àbí kẹ́ ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n

Fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, ẹ má ra òkúta kankan. Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara ẹ̀. Ẹni tí ò tíì mọ bí abẹ tó mú dáadáa ṣe ń rí lára ẹ̀rẹ̀kẹ́, báwo ló ṣe fẹ́ mọ ìgbà tóun pọ́n ọn débẹ̀? Ẹ ra abẹ lọ́wọ́ ẹni tó bá lè fi dá yín lójú pé ó ti pọ́n ọn tán láti fá, kì í ṣe pé ó kàn mú bó ṣe ti ilé iṣẹ́ jáde. Tẹ́ ẹ bá ń fà á lórí awọ bó ṣe tọ́, ó lè lo oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà kó tó nílò òkúta, gẹ́gẹ́ bí irun yín bá ṣe le tó. Ẹ kó o ránṣẹ́ sí ẹni tó mọ̀ ọ́n nígbà yẹn.

Àwọn tó ń pọ́n ọ̀bẹ kiri àdúgbò pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ìpọ́nbẹ, iṣẹ́ tiwọn dáa fún ọ̀bẹ àti sísọ́ọ̀sì, ẹ má gbé abẹ fún wọn, fáìlì náà ò gbọdọ̀ kàn án. Kẹ̀kẹ́ yẹn á jẹ ẹ̀yìn ẹ̀ àti ẹnu ẹ̀, á sì tún gbóná débi tí irin á fi rọ̀.

Tó bá wá tó àsìkò tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́ ọ, ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè ra òkúta kan ṣoṣo tó kúnná, nọ́ńbà 12000, irú ti ilé iṣẹ́ Naniwa, tẹ́ ẹ máa fi tún ẹnu abẹ ṣe kó tó kú tán, ìgbà ogún péré lórí òkúta tẹ́ ẹ ti fi omi rẹ, kó padà sórí awọ. Èyí ni mo gbà yín níyànjú. Tàbí kẹ́ ẹ ra gbogbo ẹ̀, 1000 láti fi gbé ẹnu tuntun kalẹ̀, 4000, 8000, títí dé 12000, ìyẹn wà fún ẹni tó fẹ́ máa ra abẹ àtijọ́ tún ṣe. Òkúta àdáyébá kan wà tí wọ́n ń wà ní òkè Ardennes ní Bẹ́ljíọ̀mù, coticule, aláwọ̀ ìyeyè, òun nìkan lè ṣe iṣẹ́ òkúta méjì mẹ́ta, mo fẹ́ràn ẹ̀ púpọ̀, àmọ́ méjì nínú ẹ̀ kì í jọra, ẹni tuntun ò ní mọ̀ bóyá ọwọ́ òun ló ṣì í tàbí òkúta. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá lò, ojú ẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ lè fi téèpù oníná lẹ ẹ̀yìn abẹ kí òkúta má jẹ ẹ́, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fi téèpù pọ́n ọn lónìí, ẹ gbọ́dọ̀ fi téèpù pọ́n ọn lọ́la, torí ó ti yí bí ẹnu yẹn ṣe dagun padà díẹ̀.

Ẹ má fi àtàǹpàkò yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ gbé e kọjá lórí irun apá, kó jìnnà sára bí ìdajì ínṣì, tó bá ń gé orí irun láì kan ara, ó mú.

Tuntun àti àtijọ́

Tuntun ni mo máa sọ fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, 5/8 tàbí 6/8. Ìdá mẹ́jọ ínṣì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n láti ẹ̀yìn dé ẹnu, 5/8 jẹ́ nǹkan bíi mílímítà 16. Orí ẹ̀ kó rí róbótó, olórí ṣóńṣó máa gún yín létí. Tí irun yín bá le, ẹ má mú èyí tí wọ́n gbẹ́ inú ẹ̀ jù tó ń rọ̀, ẹ má sì mú èyí tó nípọn bí àáké, àárín méjèèjì ni. Ilé iṣẹ́ Dovo àti Böker wà ní Solingen ní Jámánì, òfin ibẹ̀ ò sì gbà kí wọ́n kọ Solingen sára abẹ tí wọn ò ṣe níbẹ̀, Thiers Issard sì wà ní ìlú Thiers ní Faransé. Àwọn abẹ Gold Dollar láti Ṣáínà wọ́n kéré lówó, irin wọn ò burú, àmọ́ wọ́n ní láti pọ́n wọn kí wọ́n tó lè fá nǹkan kan.

Àtijọ́ lè dáa ju tuntun lọ ní owó tó kéré, pàápàá Sheffield, ìlú tí Benjamin Huntsman ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ irin àtàtà nínú ìkòkò amọ̀ ní nǹkan bí 1740. Ẹ wo ẹnu ẹ̀ bóyá ó ti ya, torí èyí tó ya ò ní àtúnṣe. Ẹ wo bóyá ògùn-ún ti dé ẹnu, tó bá jẹ́ ara ẹ̀yìn nìkan ló wà kò burú. Ẹ tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, tí àárín ẹnu bá wọnú, tó dà bí ẹni tó fajú ro, ẹ fi sílẹ̀. Òfin tí Amẹ́ríkà ṣe lórí ọjà láti òkè òkun ní 1890 ló jẹ́ kí wọ́n máa kọ orúkọ orílẹ̀-èdè sára abẹ tí wọ́n ń kó lọ síbẹ̀ láti 1891, tẹ́ ẹ bá rí England tàbí Germany lára ẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ lẹ́yìn ìgbà yẹn ni wọ́n ṣe é. Ẹ fi spírítì fọ gbogbo ẹ̀, inú èkù náà, kó tó kan ojú yín.

Àbúrò mi fi èyí tó ní ìwo ẹfọ̀n sílẹ̀. Kábọ̀n 5/8 olórí róbótó, èkù oníke, ló mú, ó ní òun ti ra òróró máṣíìnì lọ́wọ́ ìyá tó ń ta bọ́tìnnì nísàlẹ̀ ilé wọn kí abẹ tó dé rárá. Ó ń bọ̀ n'Íbàdàn ní Sátidé, mo ti gé awọ tiẹ̀ sílẹ̀.